Mo Mọ Ìdáhùn, Ẹnu Mi Ni Kò Gbé E

Ọwọ́ òsì ni mo fi ń tẹ ọ̀rọ̀ yìí sórí fóònù, lẹ́tà kan lẹ́yìn òmíràn, ó sì ti lé ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí mo ti bẹ̀rẹ̀. Mi ò ní ìròyìn ayọ̀ fún yín. Ẹ̀rù ṣì ń bà mí bí mo ṣe ń kọ ọ́. Ṣùgbọ́n bí ẹnì kan bá wà nílé yín tí ọ̀rọ̀ ṣàdédé dàrú mọ́ lẹ́nu fún ìṣẹ́jú díẹ̀, tí ara rẹ̀ sì tún bọ̀ sípò, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ka èyí kí ẹ tó ní kó lọ sinmi.

Fóòmáànù ni mí. Èmi ni mo ń darí àwọn tó ń rẹ́ ògiri ilé tuntun lápá Ìbẹ́jú-Lẹ́kkí. Ọ̀ṣun àti Èkìtì ni ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ iṣẹ́ mi ti wá. Ẹni tó bá wà lókè àkàbà tí sìmẹ́ńtì wà lọ́wọ́ rẹ̀ kò lè máa bojú wo ìwé. Èmi ni mo máa ń dúró nísàlẹ̀ tí mo ń pe ìwọ̀n fún un, ohùn mi á sì gba ti ẹ̀rọ tó ń po kọnkéré kọjá. Ní ìjọ wa, ìjọ aláṣọ funfun, èmi náà ni mo máa ń ka Bíbélì sókè lọ́jọ́ ìsìn. Mo sọ èyí kí ẹ lè mọ ohun tó sọnù lọ́wọ́ mi.

Ṣàngótẹ̀dó là ń gbé, èmi, ìyàwó mi, àti Ṣadé ọmọ wa, nínú ilé kan tí ìdílé mẹ́jọ wà. Bàbá Kẹ́hìndé, dírẹ́bà tó ti fẹ̀yìntì, ló ń gbé yàrá tó sún mọ́ géètì. Òun ló ni tẹlifíṣọ̀n tó tóbi jù. Ní ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́ Àìkú, gbogbo wa á gbé àga lọ sí iwájú yàrá rẹ̀, a ó máa wo ìdíje ìbéèrè kan tí wọ́n ń fi Yorùbá ṣe. Olùdíje á jókòó sórí àga pupa, olóòtú á máa bi í ní ìbéèrè. Ẹni tó bá borí á padà wá ní ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Ẹni tó bá fìdí rẹmi á bọ olóòtú lọ́wọ́, á gba ẹ̀gbẹ́ jáde, a ò ní rí i mọ́ láéláé.

Àwa náà ní òfin tiwa. Bàbá Kẹ́hìndé ló ṣe é. Ẹnikẹ́ni lè pariwo ìdáhùn kí olùdíje tó sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n bó bá ṣì í, ó di dandan kó pa ẹnu mọ́ títí olùdíje yẹn á fi kúrò lórí àga. Kò gbọdọ̀ sọ̀rọ̀, kò gbọdọ̀ fọwọ́ júwe. Bó bá dán an wò, gbogbo wa á hó lé e lórí. Òfin yẹn ló mú ìjókòó náà dùn. Ẹ ó rí ìyá tó ń fi ariwo ta tòmátì láàárọ̀ tí á jókòó jẹ́ẹ́ bí ẹni tí omi wà lẹ́nu rẹ̀, tí àwọn ọmọdé á máa rẹ́rìn-ín sí i.

Èmi kì í sábà ṣì í. Ìwé mẹ́wàá ni mo kà, ṣùgbọ́n mo máa ń gbọ́ rédíò, orí mi sì máa ń di nǹkan mú. Wọ́n ń pè mí ní Ọ̀jọ̀gbọ́n Alásìmẹ́ńtì.

Kí n má gbàgbé. Ó ti tó ọdún méjì kí èyí tó ṣẹlẹ̀ tí nọ́ọ̀sì kan wọn ẹ̀jẹ̀ ríru mi, tó pariwo. Wọ́n fún mi ní oògùn. Mo lò ó fún oṣù kan, ara mi yá, mo dá a dúró. Kò sí ibi tó ń dùn mí. Èyí ni àṣìṣe mi àkọ́kọ́, mi ò sì rò pé ó pọ̀ nínú ẹ̀yin tí ẹ ń ka èyí tí ẹ kò tíì ṣe irú rẹ̀ rí.

Ní ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́ Àìkú ọjọ́ náà, orí ti ń fọ́ mi láti òwúrọ̀. Mo rò pé oòrùn ni. Olùdíje tuntun kan jókòó, obìnrin kan tó ń jẹ́ Tinúadé, olùkọ́ láti Ìkìrun. Ó wọ bùbá aláwọ̀ ewé, ó sì ń fi ọwọ́ kan ọrùn nígbà gbogbo. Olóòtú béèrè olú-ìlú Ìpínlẹ̀ Bàyélsà. Ó rọrùn. Yẹnagóà ni. Mo rí orúkọ náà kedere nínú orí mi bí ẹni tó kọ ọ́ sára ògiri. Mo la ẹnu, mo sì pariwo:

“Ṣíbí!”

Ẹ̀rín bú sílẹ̀. Ìyàwó mi fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣubú lórí àga.

“Ọ̀jọ̀gbọ́n! Wọ́n ti gbé olú-ìlú lọ sí ilé ìdáná!”

“Ebi ló ń pa á. Ìyá Ṣadé, ẹ ò tíì fún ọkọ yín lóúnjẹ ni?”

Èmi náà rẹ́rìn-ín. Mo fẹ́ tún un sọ. Mo tún rí Yẹnagóà náà, mo tún la ẹnu, “ṣí, ṣí” ló ń jáde. Bàbá Kẹ́hìndé na ìka sí mi.

“Fóòmáànù, ẹ ti ṣì í. Òfin ni òfin. Ẹnu pípa dé!”

“Ẹnu pípa dé!” Gbogbo wọn gbà á lẹ́nu rẹ̀.

Mo dákẹ́. Ẹ̀rù ti ń bà mí díẹ̀díẹ̀, ṣùgbọ́n mo dákẹ́, torí òfin ni, àti torí pé èmi gan-an ni mo máa ń pariwo jù bí ẹlòmíràn bá rú u. Ife omi tó wà lọ́wọ́ ọ̀tún mi ṣubú. Mi ò mọ ìgbà tó bọ́. Mo gbé ọwọ́ òsì sókè láti pe ìyàwó mi.

“Wò ó, wò ó! Ó fẹ́ fọwọ́ sọ̀rọ̀!”

“Wọ́n ti ń bínú! Wọ́n ti ń fọ́ ife olóore!”

Mo gbé ọwọ́ náà sílẹ̀. Ní iwájú wa, Tinúadé ń gba ìbéèrè kan lẹ́yìn òmíràn, àwọn èèyàn ń pàtẹ́wọ́. Nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni mo fi jókòó bẹ́ẹ̀ láàárín èèyàn méjìlá, kò sì sí ẹnì kan tó mọ̀ pé mi ò lè sọ̀rọ̀. Ohun tí wọ́n mọ̀ ni pé mi ò gbọdọ̀ sọ̀rọ̀.

Nígbà tí Tinúadé fi máa borí, tó dìde lórí àga pupa, ahọ́n mi ti rọ̀ padà. Ìyàwó mi ní, “Bàbá Ṣadé, ojú yín pọ́n.” Mo ní, “Ó rẹ̀ mí ni.” Ọ̀rọ̀ náà jáde geerege. Inú mi dùn pé ó jáde. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, mo jẹun, mo lọ sùn.

Àṣìṣe kejì nìyẹn, òun ló sì burú jù. Dókítà sọ fún ìyàwó mi lẹ́yìn náà pé ìkìlọ̀ ni èyí tó wá tó tún lọ yẹn. Ó ní ká ní mo ti gba ilé ìwòsàn lọ ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, ó ṣeé ṣe kí èyí tó burú jù má wá rárá. Ó sọ ọ́ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ṣùgbọ́n mo gbọ́ ọ lórí bẹ́ẹ̀dì mi.

Ọjọ́rú tó tẹ̀lé e ló dé. Mo ń pe ìwọ̀n fún ọmọ iṣẹ́ mi kan. Mo rí i tó bojú wolẹ̀, tó ní, “Ọ̀gá, kí lẹ wí?” Lẹ́yìn náà, ilẹ̀ ni mo rí, yanrìn sì wà lẹ́nu mi. Apá ọ̀tún àti ẹsẹ̀ ọ̀tún mi kò sí mọ́. Àwọn ọmọ náà da omi lé mi lórí. Ẹnì kan sáré lọ ra epo pupa, wọ́n fẹ́ rọ ọ́ sí mi lọ́nà ọ̀fun. Ọpẹ́lọpẹ́ alágbẹ̀dẹ irin fèrèsé kan tó ní, “Ẹ fẹ́ pa á ni? Ẹni tí kò lè gbé itọ́ mì, epo lẹ fẹ́ fún?” Òun ló gbé mi sẹ́yìn ọkọ̀ rẹ̀.

Ọ̀nà jìn. Ilé ìwòsàn tí a kọ́kọ́ dé ní kò sí bẹ́ẹ̀dì. Ní ìkejì, wọ́n ní ká lọ gba káàdì, ìlà káàdì sì ti dé ẹnu géètì. Orí ilẹ̀ ni mo wà, orí mi lórí itan ìyàwó mi, ó ń pe gbogbo ẹni tó bá wọ aṣọ funfun kọjá ní dókítà. Wọ́n ní ká lọ ya àwòrán inú orí ní ibòmíràn, torí ẹ̀rọ tiwọn kò ṣiṣẹ́. Ilẹ̀ ti ń ṣú kí ẹnikẹ́ni tó fi abẹ́rẹ́ kàn mí. Sítíróòkù ni, èyí tí àwọn àgbà ń pè ní ẹ̀gbà.

Ibẹ̀ ni ìjà àwọn ará ilé ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi, Bọ̀ọ̀dá Múyìwá, dé láti Ìjẹ̀bú pẹ̀lú ìgò àgbo méjì àti àdín kan tó ń rùn. Ó ní ilé ìwòsàn kì í wo ẹ̀gbà, wọ́n kàn ń gba owó èèyàn ni. Wòlíì ìjọ wa ní ẹnì kan níbi iṣẹ́ ló di ahọ́n mi, kí wọ́n gbé mi wá sílé àdúrà fún ọjọ́ méje, láìsí oògùn, láìsí oúnjẹ ọ̀sán. Wọ́n dúró sí ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi, wọ́n ń jà lé mi lórí.

“Ẹ̀yin Wòlíì, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni mí. Inú kan náà ló bí wa.”

“Ẹ̀mí kò mọ ẹ̀gbọ́n, bàbá.”

“Ẹ̀mí wo? Ẹ̀mí tó ní kí aláìsàn má jẹun?”

Ìyàwó mi ń sunkún láàárín wọn. Kò sí ẹni tó bi mí. Mo mọ ohun tí mo fẹ́: kí n dúró níbi tí mo wà. Ṣadé nìkan ló tẹrí ba sétí mi, tó ní, “Dádì, bí ẹ bá fẹ́ dúró níbí, ẹ fún ọwọ́ mi pọ̀.” Mo fún un pọ̀. Ọmọ náà dìde, ó ní, “Wọ́n ní àwọn ò lọ.” Mo dúró. Bọ̀ọ̀dá Múyìwá bínú lọ, oṣù mẹ́rin ni kò fi pè wá. Mo ta ilẹ̀ kékeré tí mo ní sí Ìjẹ̀bú kí a lè san owó ilé ìwòsàn, ìyẹn náà tún fi kún ìbínú rẹ̀.

Bàbá Kẹ́hìndé wá ní ọjọ́ kẹfà. Ó bọ́ fìlà, ó jókòó, kò lè wojú mi.

“Fóòmáànù, èmi ni mo pa yín lẹ́nu mọ́. Ẹ ń pè wá, mo ní òfin ni.”

Mo fẹ́ sọ fún un pé kì í ṣe ẹ̀bi rẹ̀, pé èmi ni mo gbà láti dákẹ́. Ohùn kan tí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ló jáde. Ó gbọ́ ọ, ó bo ojú, ó jáde. Láti ọjọ́ náà, kò tan tẹlifíṣọ̀n náà mọ́ ní Ọjọ́ Àìkú. Àwọn ará ilé ní ó ti gbé e wọ inú yàrá.

Ṣùgbọ́n tẹlifíṣọ̀n wà lára ògiri yàrá tí mo wà nílé ìwòsàn, ní Ọjọ́ Àìkú àkọ́kọ́ tí mo lò níbẹ̀, Tinúadé sì tún jókòó lórí àga pupa. Mi ò lè ṣàlàyé ohun tó ṣe mí. Bùbá aláwọ̀ ewé kan náà. Ohun kan ṣoṣo tó ṣẹ́ kù lọ́wọ́ mi láti ayé tó ti lọ ni obìnrin yẹn. Ó borí. Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé e, ó tún borí, láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo sì sọ “omi.” Nọ́ọ̀sì pàtẹ́wọ́. Ọ̀sẹ̀ kẹta, ó borí, mo pe Ṣadé, bó tilẹ̀ jẹ́ “Ṣá” ni mo rí pè. Wọ́n dá mi sílẹ̀ lọ sílé. Obìnrin tó ń kọ́ni ní ọ̀rọ̀ sísọ bẹ̀rẹ̀ sí í gbà mí lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ ní Ajah. Ó máa ń ní kí n la ẹnu, kí n gbé ahọ́n sókè, kí n sọ “pa, ta, ka.” Mo ń ṣe é. Ṣùgbọ́n nínú ọkàn mi, kì í ṣe iṣẹ́ rẹ̀ ni mo gbà pé ó ń mú ọ̀rọ̀ wá. Tinúadé ni. Mo ti so ara mi mọ́ ọn. Bó bá borí, màá rí ọ̀rọ̀ tuntun. Mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni. Èèyàn tí ẹ̀rù ń bà máa ń di ohunkóhun mú.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ ni obìnrin náà fi borí. Mo ti ní nǹkan bí ogún ọ̀rọ̀. Ní ọ̀sẹ̀ kẹsàn-án, Ṣadé gbé fóònù rẹ̀ síwájú mi bó ti máa ń ṣe láti ìgbà tí mo ti délé, kí n lè wò ó. Ìbéèrè tó kẹ́yìn dé. Olóòtú ní:

“Kí ni bíríkìlà fi ń mọ̀ bóyá ògiri tó mọ dúró ṣánṣán?”

Mo sún mọ́ fóònù náà. Iṣẹ́ mi ni. Ọgbọ̀n ọdún ni mo fi ń so ó rọ̀ lára ògiri lójoojúmọ́. Mo tilẹ̀ ti kà á sókè nínú Bíbélì ní ṣọ́ọ̀ṣì. Okùn ìwọ̀n ni. Tinúadé fi ọwọ́ kan ọrùn. Ó ń ronú. Ojú rẹ̀ wà nínú ojú mi. Mo gbé gbogbo agbára mi jọ.

“O,” mo ní. “O. O. O.”

“Dádì, ẹ rọra,” Ṣadé ní.

“O!”

Tinúadé ní, “Téèpù.”

Ó bọ olóòtú lọ́wọ́. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó gba ẹ̀gbẹ́ jáde.

Ẹ lè rẹ́rìn-ín sí mi, mi ò ní bínú. Ohun tí mo ṣe lẹ́yìn náà nìyí: mo kọ̀ láti lọ sí Ajah. Ìyàwó mi wọ aṣọ fún mi, mo jókòó sílẹ̀ bí òkúta. Ó bẹ̀ mí, ó kúnlẹ̀, ó bú mi. “Ṣé torí eré orí tẹlifíṣọ̀n ni? Bàbá Ṣadé, ṣé orí yín pé?” Orí mi pé. Mo kàn mọ̀ pé ó ti parí ni. Mi ò gbé ahọ́n sókè, mi ò sọ “pa, ta, ka.” Oṣù mẹ́ta ni mo fi ṣe bẹ́ẹ̀. Wòlíì wá, mo yí ojú sí ògiri.

Nígbà tí ẹ̀bẹ̀ ìyàwó mi wọ̀ mí létí níkẹyìn, tí mo padà lọ, obìnrin tó ń kọ́ni náà kò bínú. Ó dán mi wò, ó kọ nǹkan sínú ìwé, ó sì pa ìwé náà dé. “Bàbá, ìgbà tí ọ̀rọ̀ máa ń tètè padà ni ẹ fi jókòó sílé yẹn. A ó máa ṣe é lọ, ṣùgbọ́n mi ò fẹ́ purọ́ fún yín.” Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ pé kò purọ́. Ẹni tó ń díje lórí tẹlifíṣọ̀n kò mọ̀ pé mo wà láyé. Ó ń wá ire tirẹ̀. Ẹ̀yin tí irú àìsàn yìí ń ṣe, ẹ má fi ẹ̀mí yín rọ̀ sára ìborí ẹni ẹlẹ́ni. Bó bá ṣubú, kò ní ṣubú nìkan.

Bí mo ṣe wà báyìí rèé. Ó ti pé ọdún kan ààbọ̀. Mo ń fi ọ̀pá rìn. Ọwọ́ ọ̀tún mi kò lè di ṣọ́bìrì mú, kò lè di bọ́tìnnì. Ẹlòmíràn ni fóòmáànù, ẹlòmíràn ló ń ka Bíbélì. Mo ní bí ọgọ́ta ọ̀rọ̀, ó sì ti pẹ́ tí kò ti kún sí i. Mò ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru láràárọ̀, mi ò fo ọjọ́ kan. Dókítà ní òmíràn lè wá. Bí mo bá jí, mo máa ń kọ́kọ́ wo ẹnu mi nínú dígí bóyá ó ti yí. Ohun tó ń dójú tì mí jù ni pé “bẹ́ẹ̀ ni” àti “bẹ́ẹ̀ kọ́” máa ń ṣi ara wọn mú lẹ́nu mi. Màá rán ọ̀kan, èkejì ló máa jáde. Ṣadé ti mọ̀, ó máa ń dúró kí n mi orí kó tó gbà.

Ní oṣù tó kọjá, a wà lórí ìlà ní Ajah, èmi àti Ṣadé. Obìnrin kan ti ọkọ rẹ̀ wá lórí kẹ̀kẹ́ aláìsàn. Ọkùnrin náà kò tó mi lọ́jọ́ orí. Ẹnu rẹ̀ ṣì yí sápá kan, obìnrin náà ń fi etí ìró nu itọ́ rẹ̀. Obìnrin náà wò mí títí, ó sì dìde wá.

“Ẹ kú ìjókòó, sà. Nọ́ọ̀sì ní irú tiwọn ló ṣe ẹ̀yin náà. Ẹ ṣàánú mi, sà, mo fẹ́ bi yín ní ìbéèrè kan. Ọ̀rọ̀ sísọ yìí, ṣé ó máa ń padà wá tán?”

Mo mọ ìdáhùn. Mo fẹ́ sọ pé bẹ́ẹ̀ kọ́. Mo fẹ́ sọ pé kì í padà tán, pé díẹ̀ tó máa padà, kí wọ́n máa sáré lé e láti òní lọ, kí wọ́n má fi ọ̀sẹ̀ kan ṣòfò bíi tèmi. Mo la ẹnu.

“Bẹ́ẹ̀ ni,” mo ní.

Ó jáde geerege, ó dùn létí. Obìnrin náà kúnlẹ̀ sí iwájú mi, omi bọ́ lójú rẹ̀. Ṣadé yíjú sí mi, ó ń dúró kí n mi orí. Mi ò mi orí.

Obìnrin náà sáré padà sídìí kẹ̀kẹ́. “Bàbá Wálé, ṣé ẹ gbọ́? Ẹ gbọ́ bí wọ́n ṣe sọ ọ́ ketekete? Wọ́n ní bẹ́ẹ̀ ni!”

Ọkùnrin náà kò wò ó. Èmi ló ń wò. Ó wò mí pẹ̀lú ojú ẹni tó ti mọ bí ó ṣe ń rí tí ọ̀rọ̀ tí èèyàn kò rán bá jáde, ó sì wò mí títí tí wọ́n fi pe orúkọ mi.